Ọkùnrin Tí Wọ́n Ní Kò Ránṣẹ́ Sílé

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Torgunn Skeibrok fi jọ nu ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Heivika, ìlú wa létí òkun ní gúúsù Norway. Mo mọ̀ ọ́n débi pé bó ṣe ń gbé korobá sílẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí kò dùn. Kì í ṣe obìnrin ìwé rárá. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ìwé kan ṣoṣo tí òun kà parí láyé òun ni èyí tí wọ́n fi ń kọ́ òfin ọkọ̀ wíwà, ẹ̀ẹ̀mejì lòun sì kà á nítorí pé òun fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà náà pé Torgunn ni gbogbo àdúgbò yóò máa gbé lẹ́tà àwọn òkú wọn lọ bá, ǹ bá bú sẹ́rìn-ín.

Orúnkún ló fa ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí Torgunn fúnra rẹ̀ tó ṣe tán láti fi í sílẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Ìjókòó sì ni ohun tí obìnrin yìí kò kọ́ rí láyé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Leidulf, tó ń mú akàn lójú òkun, kò wá rí ibi sá sí mọ́ nínú ilé ara rẹ̀.

Leidulf ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin lo ti tún àwọn ṣíbí yẹn tò lọ́sẹ̀ yìí. Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ gan-an?"

"Àwọn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìwọ tó ń sọ wọ́n síbi tó bá wù ẹ́ ni mò ń bá jà."

Lọ́jọ́ kejì, Leidulf mú bébà kan bọ̀ láti ilé ìkàwé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní gbogbo Ọjọ́rú, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, Jostein, yóò máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ará àtijọ́, kí olúkúlùkù lè tọ ìran rẹ̀ padà.

"Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Wò ó nísàlẹ̀ níbẹ̀. Kọfí ọ̀fẹ́ ni."

Nítorí kọfí ni Torgunn fi lọ. Jostein pín ẹ̀dà ìwé ìrìbọmi àtijọ́ fún wọn. Torgunn wò ó títí. Gbogbo lẹ́tà ló jọra wọn. Èyí tó yẹ kó jẹ́ "e" dà bí "n", "n" dà bí "u", "s" sì gùn gbọọrọ bí òpó ọkọ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe adìẹ ló tẹ yíǹkì tó wá rìn kọjá níbí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Jostein náà rẹ́rìn-ín. Torgunn pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun ò ní padà wá. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ò bá lè ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí i, Torgunn kì í fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Ó padà lọ. Ní Ọjọ́rú kẹta, bí ìgbà tí ìkùukùu ká kúrò lójú òkun, ọ̀rọ̀ kan là sí i lójú: Tobias. Ó rọra ń fi ìka tọ ìlà náà lọ. Tobias, tí a bí ní ọdún 1883. Ìyá: Berte Maline. Bàbá: Salve Tobiassen, atukọ̀.

Bàbá-bàbá Torgunn ni wọ́n ń ṣèrìbọmi fún níbẹ̀. Orúkọ ìyá àti ti ọmọ kò jẹ́ tuntun sí i. Ti bàbá yẹn ni kò tíì rí lákọsílẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Salve ló bí Tobias, Tobias ló bí Sverre, Sverre ló bí Torgunn. Ṣùgbọ́n nínú ilé wọn, ẹnu kì í gba orúkọ Salve. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ní ọdún 1887, ó bá ọkọ̀ onígbòkun kan tí wọ́n ń pè ní Ellida lọ kó igi gẹdú ní Quebec. Ọkọ̀ padà dé, Salve kò dé. Ọ̀gá ọkọ̀ ní ó sálọ. Sísálọ nìkan kò tó ìtìjú, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú wa ló sá nínú ọkọ̀ láyé ìgbà náà, tí wọ́n ríṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ránṣẹ́ pe ìyàwó àtọmọ. Ohun tó jẹ́ ìtìjú ni pé Salve kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Ó fi Berte Maline sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. "Ọmọ Ẹni-Ìgbàgbé" ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pe Tobias. Ó dàgbà tán, ó búra pé ọmọ òun kankan kò ní ṣiṣẹ́ lójú òkun. Bó ṣe di pé Sverre, tí kò sí nǹkan tó fẹ́ràn bí ọkọ̀ òkun, fọ́ òkúta ojú ọ̀nà títí tó fi kú nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, yóò dúró sórí àpáta, yóò máa wo àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kọjá lọ. Torgunn bi í léèrè nígbà kan pé irú èèyàn wo ni Salve. Sverre ní, "A kì í dárúkọ ẹni tó gbàgbé pé òun bímọ."

Torgunn ní kí Jostein bá òun ṣe ẹ̀dà ojú ìwé náà. Ó ká a sínú báàgì. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti to ṣíbí mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ wá ni ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn atukọ̀ sí. Ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọwọ́ àtijọ́ kà lè rí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo bá a pàdé ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé wàrà dání, kò mọ̀ pé ó ń kán sílẹ̀.

"Mo ti rí i," ló wí. "Wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ gbangba. Ó sálọ ní Quebec, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje. Wọn ò parọ́ mọ́ ọn."

Mo ní, "Ó tán nìyẹn. Fi í sílẹ̀ báyìí."

"Ẹni tó bá sálọ, ibì kan ló sá lọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀."

Ó lọ sọ fún Àǹtí Åsne, àbúrò bàbá rẹ̀, pé òun ń wá Salve. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni màmá yìí nígbà náà, ó ń gbé nílé ìtọ́jú àwọn àgbà lórí òkè. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ Tobias. Etí rẹ̀ ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń ríran, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ni Àǹtí bi í. "Ṣé o fẹ́ lọ bá a jà ni? Òkú ni o. Fi òkú sílẹ̀."

"Àǹtí, mo kàn fẹ́ mọ ibi tó parí ayé sí ni."

"Mo ní kó o fi í sílẹ̀!" Àǹtí gbé ife kọfí kalẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Torgunn rò pé ìtìjú ló ń dà á láàmú.

Lẹ́yìn èyí ló rí Salve Tobiassen kan ní Duluth, ní Minnesota. Atukọ̀ ni, Norway ló ti wá, ó fẹ́ obìnrin ará Sweden kan, wọ́n bí ọmọ mẹ́wàá. Torgunn kọ̀wé sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, inú wọn dùn, wọ́n sì fi fọ́tò ránṣẹ́: ọkùnrin gìrìwò kan tó ní irunmú bí ìgbálẹ̀. Torgunn fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ó ṣe kéèkì onípele mẹ́ta lọ sí kíláàsì Jostein. Jostein jẹ kéèkì tán, ó nu ẹnu, ó wá rọra bi í léèrè ọdún tí wọ́n bí ọkùnrin Duluth yìí.

"1871," ni Torgunn dáhùn. Bó ṣe wí i tán ló ti di ẹnu rẹ̀ mú.

Nígbà tó délé tó ròyìn fún Leidulf, ọkùnrin náà gbá itan. "Ọmọ ọdún méjìlá ló bí bàbá-bàbá rẹ? Abájọ tó fi sálọ!"

Torgunn sọ̀ fọ́tò náà kalẹ̀, ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ará Duluth. Wọ́n fèsì pé kò sí wàhálà, pé kó ṣáà máa kí wọn lọ́jọ́ Kérésìmesì, ó sì ń kí wọn títí dòní.

Ojú ì bá ti ẹlòmíì, ì bá jáwọ́. Torgunn kọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa Salve sí orí ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Norway lọ máa ń wá àwọn èèyàn wọn. Oṣù mẹ́jọ kọjá. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan síbẹ̀ àyàfi ẹnì kan tó fẹ́ ta oògùn orúnkún fún un.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹta, í-meèlì kan wọlé. Obìnrin tó kọ ọ́ ń jẹ́ Arlys Brekken, ó ń gbé létí adágún Michigan ní Wisconsin, ó ti wa bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé fún ọgbọ̀n ọdún. Ó ní: "Àpótí atukọ̀ kan wà nílé mi. Wọ́n fín 'Salve Tobiassen, Heivika' sí inú ìdérí rẹ̀. Òun ló tọ́ ìyá-ìyá mi dàgbà. Lẹ́tà mọ́kàndínlógún wà nínú rẹ̀ tí ẹnì kankan nínú wa kò lè kà. Ṣé ẹ̀yin lè bá wa kà á?"

Torgunn pariwo "Leidulf!" Leidulf, tó ń tún pàkúté akàn ṣe níta, sáré wọlé tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ó rò pé iná ló ń jó ilé. Ó ka í-meèlì náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn fa àga, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

Àwòrán àwọn lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ kejì. Jostein ní òun lè bá a kà wọ́n ní ọ̀sán kan. Torgunn ní rárá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kà wọ́n fúnra rẹ̀, ó ń tọ ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń kọ ohun tó rí sínú ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ ewé kan. Nígbà tó máa kà dé ìkẹta, ó ti mọ ọwọ́ ẹni tó kọ wọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ará ilé ẹni. Berte Maline ló kọ gbogbo wọn.

Nínú èyí àkọ́kọ́ ó kọ ọ́ pé: "Salve, ìwé ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ọwọ́ mi. O ní kì í ṣe àwa lo sá fún, o ní nítorí wa lo ṣe sá. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n òkun tó gbé bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò lè gbé ọmọ mẹ́ta lé e lórí. Màmá mi kò sì ríran mọ́. Ta ni yóò máa fà á lọ́wọ́?"

Nínú èyí tó kọ ní ọdún 1891: "Ìwé ọkọ̀ kejì náà dé. A lọ títí dé Kristiansand. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó tí wọ́n ń gbà wọ ọkọ̀, ẹsẹ̀ kejì kò gbé. Àwọn èèyàn ń tì mí lẹ́yìn, Tobias ń fà mí níwájú, ẹsẹ̀ kejì kò gbé. A padà sílé láìjẹ́ pé àwọn ọmọ mọ ibi tí à bá lọ. Mo sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọjà la lọ."

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ló kọ èyí tí Torgunn kò lè kà lẹ́ẹ̀kan kó parí. "Ojoojúmọ́ ni Tobias ń lọ sí èbúté láti wò bóyá o ń bọ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ọmọ tó bá ń retí kì í dàgbà, Salve. Nítorí náà mo ti sọ fún wọn pé o ti gbàgbé wa, pé o kò ránṣẹ́ rí. Dárí jì mí. Níbi tí o wà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́, orúkọ burúkú kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan. Bí mo bá ní èmi ni mo kọ̀ tí mi ò tẹ̀lé ọkọ mi, èmi kò ní lè gbé ìlú yìí. Bá mi gbé e."

Salve bá a gbé e. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ ló fi gbé e. Kò fẹ́ ìyàwó míì. Ó ń bá àwọn ọkọ̀ onígbòkun kó pákó lórí adágún. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Gunvald, bá omi lọ, ó mú ọmọbìnrin tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀, Signe, ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò ní ìyá, ó tọ́ ọ bí ọmọ inú ara rẹ̀. Signe yìí ni ìyá-ìyá Arlys. Berte Maline náà kò sì dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tàbí lọ́dún méjì, yóò fi ẹsẹ̀ rìn fún wákàtí méjì lọ sí ìlú kejì láti fi lẹ́tà ránṣẹ́, kó sì gba ti Salve, kí ẹni tó ń pín lẹ́tà ní Heivika má bàa mọ̀.

Torgunn gbé ìwé aláwọ̀ ewé rẹ̀ lọ sílé ìtọ́jú àwọn àgbà. Ọ̀sán gangan ni, wọ́n ń pín kọfí àti àkàrà wáfù. Ó ka lẹ́tà èbúté Kristiansand fún Àǹtí Åsne. Àǹtí kò bi í pé ibo ló ti rí i. Kò yà á lẹ́nu rárá. Torgunn wò ó lójú.

"Àǹtí. Ẹ ti mọ̀."

Àǹtí ń fi ṣíbí ro kọfí tí kò ní ṣúgà nínú. "Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, 1941. Èmi ni mo tọ́jú màmá àgbà, Berte Maline yìí, nígbà tó ń kú lọ. Ó ní kí n fa àpò kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́tà Salve ló kún inú rẹ̀. Ó ní kí n sun ún, kí n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi wọ́n sínú sítóòfù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo sun wọ́n."

"Ẹ sì wò ó tí wọ́n ń pe bàbá yín ní ọmọ ẹni-ìgbàgbé? Ẹ wo bàbá mi tó ń fọ́ òkúta títí tó fi kú? Ọmọ ọdún méjìlélógún ni bàbá mi nígbà náà! Ẹ̀gbọ́n yín ni! Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ bá sọ, ì bá ti lọ sójú òkun tó fẹ́ràn!"

Àǹtí gbójú sókè. "Ní 1941? Ṣé o mọ ohun tó wà lójú òkun ní 1941? Ogun ni. Ọmọkùnrin mẹ́fà ló kúrò ládùúgbò wa yìí lọ sókun, méjì ló padà. Mo dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì wà láàyè, òun ló sì bí ẹ. Nígbà tí ogun wá parí, mo ti dákẹ́ pẹ́ jù. Ẹnu tó bá pẹ́ ní pípadé, Torgunn, a máa dípẹtà."

Torgunn kó ìwé rẹ̀, ó jáde láìdágbére. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi tẹ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, òun tí kì í pa ọjọ́ Sátidé kan jẹ. Ó wá bá mi nílé, ó sunkún, ó bú màmá náà, ó tún sunkún. Leidulf ló wá sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn, lórí tábìlì oúnjẹ.

"Tí àǹtí rẹ bá sọ̀rọ̀ lọ́dún yẹn, tí bàbá rẹ wọ ọkọ̀, mi ò rò pé mo máa rí ẹni táá máa to ṣíbí fún mi."

"Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín."

"Mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni. Tó o bá fẹ́ bínú sí i, yára bínú, kó o lè ráyè dárí jì í."

Torgunn lọ ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Àǹtí jókòó sójú fèrèsé, ó ti múra, bíi pé ojoojúmọ́ ló ti ń múra dè é. Kò tọrọ àforíjì, Torgunn náà kò bi í. Ó kàn ní, "Ka èyí tó kẹ́yìn fún mi. Mo sun ti Salve, mi ò ka tìyá àgbà rí."

Ọdún 1919 ni Berte Maline kọ èyí tó kẹ́yìn. Torgunn ka á sókè: "Tobias ti bímọ ọkùnrin. Sverre ni wọ́n sọ ọ́. Etí rẹ ló gbé wáyé, wọ́n yọ síta bí etí ìkòkò. Mo máa ń gbé e dúró lórí àpáta, kó lè kọjú sí ọ̀dọ̀ rẹ. Wọ́n rò pé atẹ́gùn ni mo gbé e lọ gbà."

Àǹtí Åsne rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Etí yẹn! Olúwa mi! Etí Sverre!" Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Torgunn mú. Ìwé aláwọ̀ ewé bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó mú un.

Arlys dé ní oṣù Kẹfà. Gbogbo wa la ti ń retí rẹ̀, èmi ni mo bá Torgunn ṣe oúnjẹ. Obìnrin onígbọ̀nwọ́ ńlá ni, ẹni àádọ́rin ọdún, ẹ̀rín rẹ̀ a máa mi fèrèsé. Ṣùgbọ́n ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún Torgunn ni pé, "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yín o. Ẹ̀jẹ̀ Salve kò sí lára mi rárá. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo wá tan yín." Ó dà bíi pé láti Wisconsin ló ti ń ronú bí òun ṣe máa sọ ọ́.

Torgunn gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n lọ kí Àǹtí Åsne lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Arlys gbọ́ èdè wa díẹ̀díẹ̀, ìyá-ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Arlys tọ́ka sí àwo, ó bèèrè bóyá ọ̀dùnkún ṣì kù. Kò pè é bí àwa ṣe ń pè é lónìí, kò sì pè é bí wọ́n ṣe ń pè é lórí tẹlifíṣọ̀n. "Jordeble" ló pè é, bí àwọn ará Heivika ṣe ń pè é nígbà láéláé. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ọwọ́ Àǹtí dúró lójú ọ̀nà ẹnu. "Tún un sọ."

Ojú ti Arlys. "Ṣé mo ṣì í sọ ni?"

"Mo ní kó o tún un sọ. Kí lo tún mọ̀?"

Arlys bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo èyí tó mọ̀: orúkọ tí wọ́n ń pe atẹ́gùn ìwọ̀ oòrùn, orúkọ ìdí ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá ọmọ tó dọ̀tí wí, eré ìka tí wọ́n fi ń pa ọmọ lẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé èdè abúlé kékeré kan lòun ń sọ. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti rò pé bí gbogbo Norway ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹnu Salve ni Signe ti kọ́ ọ, Arlys sì kọ́ ọ lẹ́nu Signe.

Àǹtí ní, "Bí màmá àgbà mi ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ nìyí." Ó yíjú sí Torgunn. "Ta ló ní kì í ṣe ọmọ wa?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí."

"Kò mọ nǹkan tó ń sọ." Ó fa àwo ọ̀dùnkún sún mọ́ Arlys. "Jẹun, ọmọ. O ti pẹ́ kó o tó dé."

Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún yẹn, Torgunn dìde ní gbọ̀ngàn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé ìtàn àdúgbò, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní ṣé kò yẹ kó bo orúkọ Berte Maline, obìnrin tó dá tọ́ ọmọ mẹ́ta. Torgunn ní, "Ẹ̀rù ló bà á. Ta ni ẹ̀rù kì í bà nínú wa? Ó gbìyànjú títí dé ẹnu ọkọ̀, ọgbọ̀n ọdún ló sì fi rìn lọ rìn bọ̀ nítorí lẹ́tà. Mi ò rí ohun tí mo máa bò níbẹ̀." Ọkùnrin náà jókòó. Nígbà tí ìpàdé parí, obìnrin arúgbó kan fa Torgunn sí kọ̀rọ̀, ó yọ ìdì lẹ́tà kan nínú báàgì, ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ní i, pé òun ò rí ẹni kà á fún òun ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Jostein ti fa kíláàsì Ọjọ́rú lé Torgunn lọ́wọ́ báyìí, òun náà ló wá ń jókòó sẹ́yìn tó ń mu kọfí. Àǹtí Åsne dolóògbé ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, láàárọ̀, lẹ́yìn tó jẹun tán. Kó tó lọ, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni òun àti Arlys máa ń fi fóònù sọ̀rọ̀, bí ìkan bá gbàgbé ọ̀rọ̀ kan, èkejì a rán an létí.

Torgunn àti Leidulf lọ sí Wisconsin lọ́dún tó kọjá. Wọ́n wọ ọkọ̀ lórí adágún. Leidulf ní kò burú fún omi tí kò ní iyọ̀. Ìgbà tí wọ́n wà níbẹ̀ ni Arlys jẹ́wọ́ pé òun náà ní ẹnì kan tí òun ń fẹ́ mọ̀: Gunvald tó bá omi lọ, bàbá Signe gan-an. Kò sẹ́ni tó mọ ìlú tó ti wá. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti ń wá a pọ̀, Arlys lọ́hùn-ún, Torgunn níhìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Torgunn kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀, kò bọ́ bàtà kó tó wọlé. Ó na bébà sí mi. Ìwé ìrìbọmi ni, láti erékùṣù kan ní ìlà oòrùn, ọdún 1866. Mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan ju ẹsẹ̀ adìẹ lọ. Torgunn fi ìka lé e, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gunvald ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn," ló wí. "Ọdún rẹ̀ bá a mu, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mú ẹ̀wù rẹ, ọkọ̀ tó ń lọ sí erékùṣù náà máa gbéra ní aago mẹ́wàá."